Ẹni Tó Bu Omi Ni Í Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Bí ènìyàn bá purọ́ mọ́ mi, mo lè dárí jì í. Ẹni tó bá fi orúkọ mi purọ́ ni n kò lè dárí jì, nítorí orúkọ náà ni mo ṣì fi ń jẹ́ ìpè lójoojúmọ́. Ohun tí Ọ̀ṣúndáre fi ṣẹ̀ mí nìyẹn.

Ọ̀gá mi ni nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nínú Ẹdẹ ló ń ṣe ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà àwọn ilé-ìwé aládàáni, láti Sẹ́kọnà títí dé Awo. Bí a bá rí àléébù nínú ètò náà, a ó kọ àbùlẹ̀ kékeré kan láti fi dí i, bí aránṣọ ti í lẹ aṣọ tó ya. Iṣẹ́ tèmi ni láti dán àbùlẹ̀ wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, òfin wa sì ni pé kí orúkọ ẹni tó dán an wò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo tọrọ ọjọ́ mẹ́ta láti fi dán ọ̀kan wò. Ó bi mí bóyá ọkọ̀ òfuurufú la fẹ́ gbé fò. Lọ́jọ́ kejì, ó fi í ránṣẹ́ láìdán an wò, ó sì kọ orúkọ mi, Qúdrát, sí ìsàlẹ̀. Àbùlẹ̀ náà pa máàkì ìdánwò àwọn ọmọ rẹ́ ní ilé-ìwé mọ́kànlá. Ó fi orúkọ mi han àwọn onílé-ìwé, ó sì lé mi. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun. Ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, wọ́n bi ìyá mi bóyá ọmọ wọn tó ba máàkì jẹ́ ti ríṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn onílé-ìwé pàdé ní Sẹ́kọnà, ní ilé-ìwé Alhaja Àwáwù, alága wọn, láti pinnu bóyá àwọn yóò tún bá Ọ̀ṣúndáre ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ó gbé àbùlẹ̀ tuntun wá. Mo ti lọ bẹ Alhaja pé kí wọ́n jẹ́ kí n béèrè ohun kan ṣoṣo.

Nígbà tí Ọ̀ṣúndáre parí ọ̀rọ̀ dídùn rẹ̀, mo dìde.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bu omi fún àlejò ni í kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín ló wà níwájú yín yẹn. Ẹ fi àbùlẹ̀ náà sí i lójú wa.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo iṣẹ́ òun ló wà lórí rẹ̀.

“Máàkì àwọn ọmọ wa náà wà lórí tiwa,” ni Alhaja wí.

Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Àwọn onílé-ìwé fi fóònù wọn hàn án pé ó dára. Ó ní kó di ọ̀la. Alhaja wo ìsàlẹ̀ àbùlẹ̀ náà, wọ́n ka orúkọ tó wà níbẹ̀, wọ́n sì kọjú sí òṣìṣẹ́bìnrin tó bá a wá.

“Fọlákẹ́, ìwọ lo dán an wò?”

Fọlákẹ́ mi orí. “Alhaja, òní ni mo kọ́kọ́ rí i.”

Ẹnìkan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ Qúdrát ló tán nílé kí wọ́n tó mú ti Fọlákẹ́. Wọn kò tilẹ̀ dìbò kí wọ́n tó kọ̀ ọ́.

Ohun tí n kò sọ fún wọn nìyí. Ọ̀ṣúndáre ti gbé àbùlẹ̀ náà sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìpàdé, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Mo gbà á sílẹ̀ láti ibẹ̀, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko dán an wò lórí kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta nílé. Kò ní àbùkù kankan. Ká ní ó fi í sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni, ìtìjú ì bá já lé mi lórí. Ẹlòmíràn lè pe ìdákẹ́ mi ní ìkà, ṣùgbọ́n n kò purọ́. Ọ̀nà tí mo fi mọ̀ ṣí sílẹ̀ fún òun náà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni yóò sì gbà á.

Nígbà tí ìpàdé tú, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Qúdrát, kí lo rí nínú rẹ̀?”

“Ọ̀gá,” mo ní, “ẹ lọ dán an wò.”