Ọ̀rá Tí Mo Ń Jẹ Lẹ́yìn Suwebat

Lọ́dún 2006, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi pinpin nígbàkígbà tí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Ìkòsì. Suwebat, ìyàwó mi, ló fà mí lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Kétu. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi.

Dókítà Ṣọládé ní, "Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yín, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ti pọ̀ jù. Ó ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn. Ẹ yéé jẹ ẹran ọlọ́ràá, awọ adìẹ àti ohun tí wọ́n dín. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja sísè. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Láti ọjọ́ yẹn, a ò dín nǹkan kan nílé wa mọ́. Nígbà tí Roheemat ọmọ wa ráhùn, ìyá rẹ̀ ní, "Gbogbo wa la jọ máa jẹ ẹ́. Ṣé ká wá máa fìyà jẹ Daddy nìkan ni?" Suwebat alára kò jẹ ẹran mọ́, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ràn ẹran ju èmi lọ.

Ṣùgbọ́n Owódé Onírin ni mo ti ń ta ẹ́ńjìnì mọ́tò, búkà Cecilia kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo bá ti jókòó lọ́sàn-án, kò ní bi mí kó tó bu ẹsẹ̀ màlúù àti ẹran dídín sí àwo mi. Màá fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa kí n tó lọ sílé. Tí mo bá délé, màá jẹ ẹ̀fọ́ Suwebat, màá sì ní, "O ṣé o, Mummy Roheemat."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwa méjèèjì padà lọ. Dókítà wo èsì, ó mi orí.

"Ó tún lọ sókè sí i." Ó kọjú sí ìyàwó mi. "Mummy, kí lẹ ń sè fún wọn gan-an?"

Suwebat dìde dúró bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ má bínú, Dókítà. Bóyá epo inú ẹ̀wà yẹn ló pọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ pa ọkọ ẹ̀.

Bàtà mi ni mò ń wò.

A jáde sí títì. Ó di apá mi mú. "Màá yọ epo kúrò pátápátá. Ẹ foríjì mí."

Ojú tì mí gan-an. Mo ní ká padà.

"Kí lẹ gbàgbé?"

Níwájú dókítà àti nọ́ọ̀sì ni mo ti sọ ọ́: "Oúnjẹ ìyàwó mi kò ní àbùkù. Èmi ni mò ń lọ jẹ ọ̀rá níta."

Suwebat ò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Lójoojúmọ́?"

"Àfi Sunday, tí a kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Ó gun ọ̀kadà lọ sílé láìdúró dè mí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ṣùgbọ́n kò fi oúnjẹ mi falẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mi ò dé búkà Cecilia mọ́, mo sì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún mi. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́fà, ọ̀rá náà ti wálẹ̀.

Títí di báyìí, tí Suwebat bá bi mí pé, "Kí lẹ jẹ lọ́sàn-án?", òótọ́ ni mo máa ń sọ fún un. Síbẹ̀, mi ò tíì lè wo ojú rẹ̀ sọ ọ́.