Igi Ìwọ́ Powa

Ọ̀gá Thongdi, olórí àwọn tó ń la ọ̀nà, ní igi kan ṣoṣo ni òun lè dá sí, ká yára fi han òun kí àwọn òṣìṣẹ́ tó tan ẹ̀rọ agégi. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń halẹ̀ o. Bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù. Ẹni tó bá fẹ́ la ọ̀nà gba orí igi ọmọ ẹni kọjá, ó yẹ kí ojú rẹ̀ le, ká lè rí i bú dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń pè wá ní màmá, ó sì ń fi omi tíì lọ̀ wá nínú ife rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá Powa. Àbúrò mi ti kú, òun nìkan ló sì gbé ìwọ́ ọmọ rẹ̀ lọ sígbó lọ́jọ́ tó já. Bí a ṣe ń ṣe é lórí òkè tiwa nìyẹn: bàbá á ki ìwọ́ ọmọ sínú ọparun, á so ọparun náà mọ́ igi tó lágbára, igi náà á sì máa gbé ẹ̀mí ọmọ dání títí ọmọ á fi darúgbó. A kì í gé e. A kì í tilẹ̀ fi àdá kan èèpo rẹ̀. Ẹni tó bá ṣá igi ìwọ́, ọmọ ló ṣá.

Powa wà ní ọsibítù ní ìlú Chiang Mai lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Oyún rẹ̀ dábùú, ẹ̀jẹ̀ ń dà, dókítà sì ní ọjọ́ náà gan-an ni àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọkọ rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó máa lọ bá ọmọ rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí.

"Tí mo bá lọ, Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa dúró ti igi?"

Òótọ́ ló sọ.

Ẹ má rò pé a kò mọ igi náà tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. O máa tọ ọ̀nà odò, o máa dé ibi àpáta ńlá, òun ló wà lẹ́yìn àpáta. Àmọ́ katapílà ti họ ọ̀nà odò kúrò nílẹ̀, ó ti àpáta sínú ọ̀gbun, ó sì ro gbogbo igi kéékèèké dànù. Nígbà tí a dé ibẹ̀ láàárọ̀ náà, ilẹ̀ pupa lásán ló kù, àti igi óákù méjì, igi ńlá tí èso rẹ̀ máa ń dé èèpo bíi fìlà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìyá Powa dúró, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó jí sínú ilé onílé.

Ohun tí àbúrò mi sọ nígbà ayé rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Ó fẹ́ràn láti máa fi igi náà ṣe fáàrí. Á ní, "Igi ọmọ mi kì í ṣe óákù lásán o. Abẹ́ ewé rẹ̀ funfun, fìlà tí èso rẹ̀ dé sì ní òrùka yíká." Nígbó tiwa, oríṣi óákù kejì wà tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tí fìlà èso rẹ̀ sì ní ìpẹ́ bíi ti ẹja. Ọ̀kan nínú igi méjèèjì yìí jẹ́ oríṣi àkọ́kọ́, èkejì jẹ́ oríṣi kejì. Èwo wá ni èwo?

Ọparun ìwọ́ náà ti jẹrà dànù tipẹ́. A wòkè, kùrukùru ti bo orí wọn. A wo èèpo, iná oko àtijọ́ ti jó ìdí àwọn méjèèjì dúdú, ewédò ti hù lé wọn.

Ọ̀gá Thongdi yọ àdá. "Ẹ̀yin màmá, mo ti pẹ́ nídìí igi gígé. Eléyìí tí ẹ ń wá yìí, tí ẹ bá họ èèpo rẹ̀, inú rẹ̀ á pupa bí ẹran. Èkejì, inú rẹ̀ á ní àwọ̀ ìyeyè bí àgbàdo. Ẹ họ ọ́ díẹ̀, kó mọ bí èékánná. Kíá ló máa hàn."

"Kí n fi àdá kan ọmọ mi," ni Ìyá Powa wí, "tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lọ́wọ́?"

"Màmá, èèpo igi ni mo ní kí ẹ họ."

"Ọ̀gá," mo ní, "ṣé ìyá rẹ wà láyé?"

"Ó wà láyé, màmá."

"Tí àwọn obìnrin méjì bá dúró síbí, tí o kò mọ èwo ni ìyá rẹ, ṣé o máa họ wọ́n díẹ̀ bí èékánná ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ti àdá bọ àkọ̀ rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ fi ojú yín wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ yára, katapílà kò ní pẹ́ dé."

Ìyá Powa bá kúnlẹ̀, ó ń tú ilẹ̀. Nídìí igi òkè, ilẹ̀ mọ́ tónítóní, ewé kò tó nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nídìí igi ìsàlẹ̀, èso kún ibẹ̀ bámúbámú, fìlà wọn ní òrùka, ewé gbígbẹ tí abẹ́ rẹ̀ funfun sì wà láàárín wọn.

"Òun nìyí! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó! Òun nìyí!"

A rí fìlà onípẹ́ mélòó kan láàárín wọn. A ní ọ̀kẹ́rẹ́ ló gbé wọn wá. Ìyá Powa so òwú funfun mọ́ igi náà bí a ti ń so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ aláìsàn, ó ń pe ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ kó má rìn jìnnà. Ó yíjú sí mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn dénú. Ọ̀gá Thongdi ní kí wọ́n yẹ ọ̀nà fún igi ìsàlẹ̀, kí wọ́n gé tòkè.

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń gé bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, ó ń ṣàn bọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí ó fi dé ẹsẹ̀ wa. Ó pupa.

Ọ̀gá Thongdi ló kọ́kọ́ rí i. Ó pariwo, ó ń ju ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé igi ti fi nǹkan di etí. Ìgbà tí ó fi pa ẹ̀rọ, ayùn ti kọjá ìdajì.

Ohun tó bá já lókè, ìsàlẹ̀ ní ń yí sí. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn mọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí òkè wa. Èso igi òkè ti ń yí wá síbi ìdí igi ìsàlẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà níbẹ̀.

"Ẹ dì í!" Ìyá Powa ń ké. "Ẹ fi okùn dì í! Kò tíì ṣubú, ẹ dì í mú!"

Wọ́n dì í mú lóòótọ́. Ọ̀gá Thongdi fúnra rẹ̀ sáré mú okùn, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fà á bí ẹni ń fa màlúù tó fẹ́ já sódò. Èmi náà fà á. Igi náà kérora, okùn bọ́ lọ́wọ́ wa, ó wó lulẹ̀. Orí rẹ̀ tú síta láti inú kùrukùru, gbogbo abẹ́ ewé rẹ̀ funfun báláú.

Fóònù dún. Ìyá Powa kò lè gbé e, èmi ni mo gbé e sí i létí, mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ náà.

"Màmá, wọ́n ti fẹ́ gbé mi wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí. Igi mi ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ wò mí. Mo wo Ọ̀gá Thongdi. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ń wolẹ̀. Mo wá ẹni tí mo máa bú, n kò rí.

Ìyá Powa rá lọ síbi tí igi náà wà, ó gbé ọwọ́ lé e. "Ó wà níbí. Ọwọ́ mi wà lára rẹ̀ báyìí."

"Ẹ má fi í sílẹ̀ o, Màmá. Títí n ó fi jáde."

"N kò ní fi í sílẹ̀."

Fóònù pa. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi dí ojú ibi tí wọ́n ti gé e, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí bí a ti ń tẹ ojú ọgbẹ́. A ń gbọ́ ìró katapílà tó ń gun òkè bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dìde. Mo jókòó tì í, mo sì bá a tẹ̀ ẹ́.