Bẹ́líìtì Tí Ṣàkírátù Rán

Ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni tasí Yẹ̀kínì ti kọlu tírélà tó bàjẹ́ sílẹ̀, bẹ́líìtì tí Ṣàkírátù ìyàwó rẹ̀ rán mọ́ ọn láṣọ kò sì dì í mú.

Aránṣọ ni Ṣàkírátù ní Ìlódè. Bẹ́líìtì inú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, Yẹ̀kínì ni kì í dè é. Ó ní bí ọkọ̀ bá gbiná, bẹ́líìtì ló máa so èèyàn mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kì í gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún mú un, ó gbé ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ wá sídìí ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Habibah, bá mi rán ọ̀já dúdú mọ́ ọn, irú ti báàgì. Láti èjìká wá sí ìbàdí. Bí wọ́n bá wò mí lókèèrè, ó tán.”

“Ẹ ò kúkú de tinú ọkọ̀?”

“Ṣé o fẹ́ kí n jóná ni?”

Ṣàkírátù mọ̀ pé irọ́ lòun ń rán. Ó rán an, ó sì rán an dáadáa, torí kò mọ iṣẹ́ jákujàku í ṣe.

Ní gáréèjì, Abdulrazaq ọ̀rẹ́ Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyàwó ti dè ẹ́ mọ́lẹ̀! Ṣé kó o má baà fẹ́ ìkejì ni?”

Kò pẹ́ tí òun náà fi gbé ẹ̀wù tirẹ̀ wá. Àwọn awakọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Inú Ṣàkírátù dùn pé iṣẹ́ dé.

Ní ọsibítù lọ́jọ́ ìjàǹbá náà, dókítà fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀wù náà kúrò lára Yẹ̀kínì. Ó di ọ̀já náà mú, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò.

“Ta ló rán eléyìí?”

Ṣàkírátù ń wo ilẹ̀. Ọkọ̀ náà kò gbiná rárá. Gíláàsì iwájú ni Yẹ̀kínì forí sọ, àfọ́kù rẹ̀ ló sì wọ̀ ọ́ lójú.

Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Abdulrazaq yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù tuntun. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi ìka fa ìlà láti èjìká wá sí ìbàdí, ó ń wo Ṣàkírátù. Ṣàkírátù ju ẹ̀wù náà padà sí i láyà.

“Ta nìyẹn?” Yẹ̀kínì béèrè.

“Kò sẹ́nì kankan, Bàbá Habibah.”

Yẹ̀kínì nawọ́ síwájú, ó ń wá ẹni tó dúró níbẹ̀ kiri. Ojú méjèèjì ti lọ.