Ọdún Páànù

"Ọgbọ̀n ọdún," ni Bàbá Fámódùn wí, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí òkè ẹnu ọ̀nà. "Wò ó níbẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́."

Lára àtẹ́rígbà, igi tó wà lókè ilẹ̀kùn, ni káfíńtà ti gbẹ́ nọ́ńbà sí: 1943. Láti kékeré ni Julianah ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Gbogbo ará agbolé wọn ní Iléṣà ló mọ̀ pé ọdún tí bàbá rẹ̀ kan páànù sórí ilé yìí ni wọ́n bí i. Wọ́n ti wà ní 1973 báyìí. Ìṣirò náà kò le.

"Bàbá, kì í ṣe iye ọdún mi ni mo bá wá. Ìwé ìbúra ni. Ọ̀la ni iléèwé máa gbà á mọ."

Tíṣà ni Julianah ní Ìbòkun. Iléèwé àwọn olùkọ́ kan ní Òṣogbo ti gbà á fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, bí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti ní. Àgbà kan nínú ẹbí bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a dé kọ́ọ̀tù, kó búra pé òun mọ ìgbà tí wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ti kú. Fámódùn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló wá di olórí ẹbí. Fámódùn kò sì kọ̀. Ó kàn ní kí Julianah kọ́kọ́ gbà fún Amos ná.

Amos ń ra kòkó ní Iperindo. Ọdún kejì rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kì í mutí, kì í pariwo, ó sì mọ̀ ọ́n kí àgbà. Julianah kò kórìíra rẹ̀. Kò kàn fẹ́ ẹ ni.

"Iléèwé ò ní sá lọ," ni Ìyá Abíọ́lá, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, dá sí i. "Àbí ṣọ́ọ̀kì ni yóò máa pè ọ́ ní màmá?"

"Ogójì ọmọ ló ń pè mí ní tíṣà, mà."

"Tí agogo bá ti lù, wọ́n á gba ilé ìyá wọn lọ."

Julianah rẹ́rìn-ín. Kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín ọ̀hún.

Ẹ̀rín náà tu Bàbá Fámódùn lójú díẹ̀. "Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ," ó ní, "òjò da ara rẹ̀ bo páànù tuntun, ariwo ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ orúkọ tí mo pè. Ògúnmọ́dẹdé aládùúgbò wa nìkan ló gbọ́, torí ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ó gbé bọ́ọ̀tù sójà gun ẹní ìyá rẹ, ìyá rẹ ń wò ó bí ẹni tó máa sunkún."

"Bọ́ọ̀tù sójà?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Bọ́mà dé ni. Kò tíì lo oṣù kan nílé."

Julianah sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá, nígbà tí ogun Hítílà ń jà, ṣé ẹ rí páànù rà?"

"Páànù wo? Ìṣó gan-an ń wọ́n wa. Nígbà tí a mọ ògiri tán, tí a gbé ilẹ̀kùn sí i, imọ̀ ọ̀pẹ la fi..." Ó gbójú sókè wo àtẹ́rígbà.

"Ọdún ilẹ̀kùn ni káfíńtà kọ, kì í ṣe ọdún páànù," ni Julianah wí. "Ogun parí ní 1945. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn sójà wálé. 1946 ni wọ́n bí mi."

Ìyá Abíọ́lá fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ka ọdún náà, ó sì na mẹ́ta sókè. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! A dúpẹ́ o. Ọdún mẹ́ta bọ́ sí wa lọ́wọ́. Lo ọdún méjì rẹ ní Òṣogbo, Amos á dúró dè ọ́, ọdún kan á ṣì ṣẹ́ kù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Fámódùn wí. "Màá búra lọ́la."

Ohun tí Julianah bá wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọpẹ́ ló yẹ kó dá, kó gbé báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta Ìyá Abíọ́lá ṣì wà lókè, ó sì rí i pé òun kàn gba okùn tó gùn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

"Ọdún mẹ́ta ni ilé yìí lò láìní páànù," ó ní. "Kí ni àwọn èèyàn sọ?"

"Kí ni wọn ò sọ?" ni Bàbá Fámódùn wí. "Wọ́n ní òjò á wó o. Wọ́n ní ojú ló kán bàbá rẹ, agbára rẹ̀ ò ká a."

"Kí ni bàbá mi wá wí?"

"Ọdọọdún ló ń pààrọ̀ imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀." Bàbá Fámódùn rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni dá ọjọ́."

Èèpo ẹ̀gúsí ń bọ́ sínú awo.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ fún Amos pé mi ò fẹ́ ẹ. Ẹ má sọ pé kò tíì yá. Kó lè wá ẹlòmíràn lọ."

"Títí di ìgbà wo?" ni Ìyá Abíọ́lá bi í.

"Mi ò dá ọjọ́, mà."

Ó mọ̀ pé Bàbá lè torí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé òun ò lọ sí kọ́ọ̀tù mọ́. Bàbá tẹjú mọ́ nọ́ńbà ara igi.

"Aago mélòó ni wọ́n ń ṣí?"

"Mẹ́jọ, sà."

"Ìyá Abíọ́lá, bá mi sá agbádá mi sóòrùn. Ó ti pẹ́ nínú àpótí."

Ìyá Abíọ́lá pòṣé. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì wọlé lọ gbé agbádá náà.