Ìjókòó Ẹ̀yìn Tí Mo Fọ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ìjókòó mọ́tò ṣe. Bí awọ rẹ̀ bá ya, mo máa rán an. Bí fóòmù inú rẹ̀ bá ti rì, mo máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti wà nídìí rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ojú kò tì mí rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí mo ṣe fún àbúrò mi ọkùnrin, tí mo ṣe dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí di òní ni mo sì ń tọrọ àforíjì lórí rẹ̀.

Awọnlẹ̀ ni àbúrò mi yìí. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn ọkọ̀ asáré. Nígbà tí apá rẹ̀ sì ká a, ó ra ọ̀kan: onílẹ̀kùn méjì, aláwọ̀ aró, tó sún mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó bá ń jáde nínú rẹ̀ á dà bí ẹni tó ń dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá wa yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó yọjú wo ẹ̀yìn, ó ní, "Níbo ni èmi fẹ́ jókòó sí nínú nǹkan yìí? Àbí inú bùútù lẹ máa gbé mi sí?" Kò bù mọ́ ọn. Ìjókòó méjì tó wà lẹ́yìn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún àgbàlagbà tó bá wọ ibẹ̀ á fi kan àgbọ̀n rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n bá mu, ìyẹn ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí àbúrò mi bí.

Ìyá Ìjọ ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tó yíjú padà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì pàṣẹ fún àwọn àgbà ọkùnrin méjì tó ń sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n panu mọ́, Ọlọ́run ń gbọ́. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ló ti máa ń kọrin lọ sí ilé ìwé, tó sì máa ń kọrin bọ̀, tí á máa fi ẹsẹ̀ lu ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ pé kó yára. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí àìsàn ọjọ́ mẹ́rin mú un lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ín, ìyá wa pe gbogbo ẹbí jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ náà létí ìyá rẹ̀, kí ọgbẹ́ náà lè jiná. Gbogbo wa ṣe àmín. Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ló sì mú wa gbà. A kó àwọn fọ́tò kúrò lára ògiri, a fọ aṣọ rẹ̀, a ká a, a gbé e pa mọ́. Bí a bá lọ kí ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ òjò la máa ń sọ, tàbí ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù méje la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà á dá wa lóhùn, á bu omi fún wa, kò sì sunkún lójú wa rí. A ní Ọlọ́run ti tù ú nínú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àbúrò mi wa ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí a ń pè ní Aláfẹ́fẹ́.

"Awọnlẹ̀!" ó pariwo. "Ẹ tún wọ bàtà yín wá! Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

Ní ọjọ́ mìíràn, àbúrò mi á ti fún un lésì tó máa pa gbogbo òpópónà lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, ó kàn juwọ́ sí i.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ ìjókòó ẹ̀yìn méjèèjì."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ọkọ̀ lè fúyẹ́ ni. Àwa kan fẹ́ máa sáré ìje láàárọ̀ Sátidé. Gbogbo wọn ló ti yọ tiwọn."

Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Mo mọ ojú tó fi ń purọ́.

"Ìwọ yìí? Ìwọ tó jẹ́ pé bí o bá rí kòtò lójú títì, wàá kí i kí o tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá?"

Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi, ó sì gbé orí sọ́wọ́.

"Ìyàwó mi ni, Bọ̀ọ̀dá. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó síbẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní wọlé. Á lọ ká ara rẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wákàtí kan, nígbà mìíràn méjì. Èmi á dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, n kò ní mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo rò pé bí ìjókòó náà kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ọkàn rẹ̀ á kúrò níbẹ̀."

"Ṣé o ti bá a sọ ọ́?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Bí mo bá ti dárúkọ ìjókòó ẹ̀yìn, ṣé kì í ṣe ọmọ ni mo dárúkọ yẹn?"

Ó yẹ kí n ní kó wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí mo ń ka Ìwé Mímọ́ láràárọ̀, mo ro ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí i pé ó bọ́ sí i. Mo ní kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ti ìjókòó iwájú síwájú pátápátá, mo sì rá wọlé. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ etí ìjókòó ẹ̀yìn, mo fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì já kúrò nínú ìkọ́ tó dì í mú. Bóòtù mẹ́rin ló di ibi ìfẹ̀yìntì mú. Mẹ́ta gbọ́ràn sí sípánà, ìkẹrin ti dípẹtà. Mo ta epo sí i, mo dúró, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Mo tú bẹ́líìtì. Nígbà tí mo gbé gbogbo rẹ̀ jáde tán, irin lásán àti eruku ló kù lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Nínú eruku yẹn ni mo ti rí rìbọ́ọ̀nù irun méjì àti pẹ́ńsù kan tí wọ́n ti jẹ ìdí rẹ̀. Mo kó wọn sínú àpò ìwé.

Ìjókòó kan kì í dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi láìjẹ́ pé mo fọ̀ ọ́. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ mi nìyẹn. Aṣọ ni wọ́n fi bo ìjókòó yìí, kì í ṣe awọ. Ní apá òsì, níbi tí orí ọmọ kékeré máa ń wà, ó ti mu ìpara irun, ó ti dúdú, ó ń dán. Mo wò ó. Mo ní bí ìyàwó wa bá fojú kan èyí, ọkàn rẹ̀ á gbọgbẹ́ lákọ̀tun, kí n yára pa á rẹ́. Mo po ọṣẹ mọ́ omi gbígbóná, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Orin ìsìn ni mo ń kọ lábẹ́nu bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Omi wọ inú fóòmù lọ títí ó fi ń jáde nísàlẹ̀ ní mímọ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn lè rí i. Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi wá wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí fèrèsé tán, ìyàwó wa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Ìyàwó wa, káàárọ̀ o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ọkọ mi ní ìjókòó wà lọ́dọ̀ yín."

"Ó wà, ó wà." Mo yára na àpò ìwé sí i. "Mo tiẹ̀ bá ọ tọ́jú àwọn nǹkan tó wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó yọjú wo inú àpò náà, ó sì dá a padà fún mi. "Mo ní rìbọ́ọ̀nù mẹ́rìndínlógún nílé. Ìjókòó ni mo bá wá."

Mo fi hàn án. Ó kúnlẹ̀ nínú yanrìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó gbé ojú lé apá òsì, ó fa èémí sínú. Ó dúró. Ó tún fa èémí. Ó sún sí apá ọ̀tún, ó gbọ́ òórùn ibẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè.

"Kí lẹ fi ṣe é?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ fọ̀ ọ́."

"Lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè mọ́ dáadáa..."

"Òórùn orí rẹ̀ ló wà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ti fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ ti fọ ìrọ̀rí rẹ̀. Ibí yìí nìkan ló kù. N kì í ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Mo kàn máa ń lọ gbọ́ òórùn rẹ̀ ni." Ó di aṣọ ìjókòó náà mú, omi sì jáde láàárín ìka rẹ̀. "Ṣé kò sí ibì kan tí ẹ kò fọ̀? Ibi kékeré kan?"

Mo wá irọ́ tí mo lè pa, n kò rí.

"Kò sí," mo ní.

Ẹkún oṣù méje ló wá bú jáde. Aláfẹ́fẹ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ dá a padà sínú ọkọ̀."

"Ó ṣì tutù. Bí mo bá dè é báyìí, á hu olú nínú. Ó di ọjọ́ mẹ́ta."

"Màá dúró tì í."

Lóòótọ́ ló dúró. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó gbé bẹ́ǹṣì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó náà, bí oòrùn bá sì ti yí, á yí i tẹ̀lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, mo gbé abẹ́rẹ́ mi sílẹ̀. N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ìyá Ìjọ ní kí n má kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nígbà kan. Ó ní ohùn mi ń dẹ́rù ba àwọn áńgẹ́lì."

Ó yíjú sí mi bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ̀rù bà mí.

"Ẹ tún un pè," ó ní.

"Kí ni?"

"Orúkọ rẹ̀."

"Ìyá Ìjọ."

"Oṣù méje," ó ní. "Mo rò pé èmi nìkan ni mo rántí pé ó wáyé."

Aláfẹ́fẹ́ gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ wa. "Ọmọ yẹn bi mí pé níbo ni afẹ́fẹ́ ń lọ bí táyà bá jò. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, 'Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á?'" Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tún di ẹkún, a jẹ́ kó sun ún.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi wa ọkọ̀ náà dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Láti ìgbà ìsìnkú ni kò ti mọ orúkọ tí ó máa fi pe ìyàwó rẹ̀, torí orúkọ tó ń pè é tẹ́lẹ̀, orúkọ ọmọ wà nínú rẹ̀. Ó lanu, ó pa á dé, ó tún lanu.

"Màmá Ìyá Ìjọ."

"Hùn."

"Mo rò pé bó bá kúrò lójú rẹ, á dín kù."

"Ta ló ní mo fẹ́ kó dín kù?"

Àbúrò mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì jọ ń wo ìjókòó tó ń gbẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo tẹ fóòmù náà títí, kò sí omi mọ́. Mo dá a padà. Mo so bẹ́líìtì, mo fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi tuntun rọ́pò èyí tó dípẹtà. Ìyàwó wa rá wọlé, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti apá òsì. Mo ń retí, bí òmùgọ̀, pé bóyá Ọlọ́run á ṣàánú, kí díẹ̀ ṣẹ́ kù.

"Ọṣẹ ni," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dára. Ẹ máa bá wa ti ilẹ̀kùn."

Mo ti ilẹ̀kùn. Àbúrò mi wọlé síwájú, ó ṣáná sí ọkọ̀. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn kọjú sí òrùlé, kí ẹni tó ń wakọ̀ má baà rí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó nawọ́ sókè, ó yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú aya rẹ̀ fi hàn nínú rẹ̀, ó sì wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó mú ọkọ̀ bọ́ sójú títì.