Omi Róòsì fún Ojú Ìyá

Ara mi kì í gba ìjókòó bí ọkàn mi ò bá balẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ láti ìgbà tí ooru ààrò ti ba ojú ìyá ọkọ mi jẹ́. Ẹja ni wọ́n ń yan tà ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n, ó ń ta wọ́n, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àwọn. Láti ọjọ́ tí Hàbíbàt, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti kú, wọn ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́. Bí mo bá bu omi fún wọn, wọ́n á ní kí n gbé e sílẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an, torí mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí lọ́mọ.

Ni mo bá da òdòdó róòsì gbígbẹ àti omi sínú ìkòkò nílé wa ní Lasunwon. Mo gbé abọ́ sáàárín rẹ̀, mo dojú ọmọrí bolẹ̀ dé e, mo to yìnyín sórí ọmọrí, kí ooru tó bá gòkè lè di omi, kó máa kán sínú abọ́. Iná kékeré àti sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Èmi wá ń ṣí i wò ṣáá, títí Uwais ọkọ mi fi bi mí bóyá mo fẹ́ dẹ́rù ba omi náà ni. Mo ti fi irú rẹ̀ pa ojú tèmi lásìkò ooru, ó sì tù mí lára.

Ìdí ààrò ni mo ti bá Ìyá. Mo kúnlẹ̀, mo na ìgò tí mo rọ omi náà sí sí wọn, mo ṣàlàyé, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tún ń họ ojú, sùúrù mi tán. Mo ṣí ìgò, mo wọ́n díẹ̀ sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ láìgbàṣẹ.

Ìyá fò dìde. Mo rò pé ó ta wọ́n ni.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “òórùn omi tí mo fi wẹ òkú Hàbíbàt nìyí.”

Ní ìdílé wọn, omi róòsì ni wọ́n ń dà sí omi ìkẹyìn tí wọ́n fi ń wẹ òkú. Nílé tí wọ́n bí mi sí, káfúrà nìkan ni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, mo ní màá lọ dà á nù.

Wọ́n gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n dé e, wọ́n dá a padà fún mi.

“Má dà á nù. Hàbíbàt ni ì bá wẹ̀ mí bí mo bá kú. Ìwọ ni wàá wá ṣe é báyìí. Bá mi tọ́jú rẹ̀.”

Mo ti ń wá kí wọ́n gbà mí lọ́mọ, n kò mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe máa gbà mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, ojú yín ńkọ́, Ìyá? Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n lọ bu omi tútù wá. Mo rẹ aṣọ sínú rẹ̀, mo fi lé wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, wọn ò sì ti ọwọ́ mi kúrò.