Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Nílé Hàjíyà Falmata

Nígbà tí Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó rò pé yóò dà á láàmú ni ọ̀nà. Ọ̀nà kò dà á láàmú rárá. Ẹnu géètì àwọn ènìyàn ló dà á láàmú.

Ọjà rírà lórí fóònù ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá jókòó sílé rẹ̀ ní àdúgbò Wulari tàbí Yerwa ní Màídúgùrì yóò fi fóònù yan ohun tó fẹ́, àwọn Kúbúrátù yóò rà á ní Monday Market, wọn yóò sì gbé e dé ilé onítọ̀hún kí wákàtí kan tó pé. Yanzu-Yanzu ló sọ ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn ni pé "nísinsìnyí gan-an" lẹ́nu àwọn Hausa. Ọmọ Ìwó ni òun fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n Màídúgùrì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti lọ sí yunifásítì, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bíyìí, ọmọ tíṣà kan tí wọ́n gbé wá láti Iléṣà, tí òun àti Kúbúrátù jọ jáde ní yunifásítì, ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà nílùú látìgbà wàhálà àwọn agbésùnmọ̀mí, nítorí náà kẹ̀kẹ́ Napep mẹ́ta ni wọ́n háyà.

Kẹ̀kẹ́ kì í lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ láti ọjà dé Wulari. Bó bá débẹ̀ tán ni ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ilé tó ra ọjà kì í jáde wá bá ọkùnrin àjèjì lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin àjèjì kò sì gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ọkọ wà níbi iṣẹ́. Mẹ́gáàdì ní òun kò ní fọwọ́ kan ẹrù tí òun kò mọ ìdí rẹ̀, àbí wọn kò mọ ohun tí ojú ìlú yìí ti rí ni. Awakọ̀ á pe fóònù, fóònù á dún títí, oòrùn á máa na òun àti ẹrù. Bó bá ti sú u, á gbé ẹrù padà. Kí oṣù kejì tó parí, ẹrù àdápadà ti gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù bàbá Kúbúrátù, bàbá wá ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ bí alákàn.

Ìyá Kúbúrátù, Àgbékẹ́, ló yọ ọ́ nínú ọ̀fìn yìí, ẹ̀rín ló sì ń rín bó ṣe ń yọ ọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Àgbékẹ́ ti fi ṣe dillaliya: iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń ru aṣọ àti tùràrí wọ inú ilé lọ bá àwọn obìnrin tí kì í lọ sọ́jà. Ó wo òkìtì ẹrù náà, ó béèrè bóyá nítorí èyí ni wọ́n ṣe rán ọmọ òun lọ sí yunifásítì. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́, ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó jáde. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, kò ku ẹyọ kan.

Bí ilé iṣẹ́ náà ṣe gbérí nìyẹn. Àgbékẹ́ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, dillaliya mọ́kànlá tí gbogbo ilé mọ ohùn sálámà wọn. Kẹ̀kẹ́ á gbé obìnrin dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin á gbé ẹrù wọlé, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé níbo ló ń lọ. Láàárín ọdún kan, àwọn mọ́kànlá ti di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ogójì ẹrù lọ́sẹ̀ di ọ̀ọ́dúnrún lóòjọ́. Wọ́n kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bàbá, wọ́n gba ọ́fíìsì, wọ́n kọ orúkọ gàdàgbà síwájú rẹ̀. Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọ̀gá, èmi ò sì bá a wí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó yọrí, kò yẹ kó máa rìn bí ẹni tó jalè.

Òkìkí yìí ló gbé àwọn olówó kan wá láti Àbújá. Wọ́n fẹ́ fi owó kún iṣẹ́ náà kó lè dé Yola àti Damaturu, ṣùgbọ́n kíákíá ni wọ́n ń béèrè, kíákíá ṣáá. Wọ́n ní kí Bíyìí fi hàn wọ́n iye àkókò tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń lò kó tó jáde nílé oníbàárà. Bíyìí ti fi ohun tó ń ka ìṣẹ́jú sínú fóònù àwọn obìnrin náà. Ó tẹ̀ ẹ́, orúkọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sì yọ lára ògiri, láti orí ẹni tó yá jù lọ. Àgbékẹ́ ló gbẹ̀yìn pátápátá. Nílé ẹnì kan ṣoṣo, ó lè lo wákàtí méjì. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ara obìnrin yẹn kò yá ni. Kúbúrátù kò sọ pé ìyá òun ni. Ojú tì í, inú sì tún bí i nítorí pé ojú tì í.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ṣòfin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹnikẹ́ni gbọdọ̀ lò nínú ilé. Bó bá ti ku méjì, fóònù á ké. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé ìdáná.

"Ṣé iná ni mò ń lọ fọn nílé wọn ni?" Àgbékẹ́ béèrè.

Ó ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ pé bí èèyàn bá wọ ilé ẹni tó mọ̀ ọ́n, á kí i, á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, á sì mu omi tí wọ́n bá bù fún un. Ẹni tó ju ẹrù sílẹ̀ tó sì sáré jáde, olè ló jọ. Kúbúrátù dáhùn pé dillaliya nìyẹn, ilé iṣẹ́ nìyí. Níbẹ̀ ló ti wá sọ ọ̀rọ̀ tí ì bá fẹ́ gbé mì lẹ́yìnwá ọ̀la.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn nínú gbogbo wọn. Ẹ̀ ń dójú tì mí lójú àwọn èèyàn."

Àgbékẹ́ padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, orúkọ rẹ̀ ti gòkè látìsàlẹ̀ dé ipò kẹfà. Àwọn ará Àbújá kọ̀wé ìyìn ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ náà, ní aago méjì ọ̀sán, láti fọwọ́ síwèé, àwọn á sì bá bàálù aago márùn-ún padà.

Lákòókò yìí gan-an ni Bíyìí gbé ojú kíkorò wọ ọ́fíìsì Kúbúrátù. Ọjà ti ń wálẹ̀ níbi gbogbo, ti Wulari sì burú jù: láti àádọ́rùn-ún lóòjọ́, ó ti di mọ́kànlá. Wọ́n yẹ iye owó ọjà wò, wọ́n yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Bíyìí wá yẹ fóònù tí àwọn èèyàn fi ń ra ọjà wò. Nínú ẹrù mẹ́wàá, mẹ́fà ni kò wá látorí fóònù oníbàárà rárá. Orí fóònù àwọn dillaliya ló ti wá. Bí obìnrin bá jókòó tó mu omi tán, ìyálé ilé á ní bàtà ọmọ òun ti já, aládùúgbò tó wá kí wọn á ní òun náà ń wá mílíìkì, dillaliya á sì bá wọn tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé kà. Ìjókòó tí wọ́n fòfin lé kúrò yẹn gan-an ni ọjà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó ohun tó pa ọjà Wulari. Ilé tó kọ́kọ́ dáwọ́ dúró ni ilé Hàjíyà Falmata, obìnrin Kanuri tí òun àti Àgbékẹ́ ti ń ṣọ̀rẹ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Kò sí ọmọ kan nínú àwọn ọmọ Falmata márààrún tí Àgbékẹ́ kò bá wọn sọ lórúkọ. Ní ọjọ́ Àlàrùbá, tó ku ọ̀la kí àwọn ará Àbújá dé, Kúbúrátù mú agolo mílíìkì méjì, ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Hàjíyà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu omi fún un, ó sì sọ tẹnu rẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Ìyá Hàjíyà ló kú. Wọ́n ra ṣúgà àti dàbínù fún sàráà ọjọ́ kẹta lọ́wọ́ Yanzu-Yanzu, Àgbékẹ́ ló sì gbé e wá. Àwọn obìnrin tó wá kí wọn jókòó lórí ẹní títí dé ẹnu ọ̀nà. Àgbékẹ́ gbé ṣúgà kalẹ̀, ó dúró lórí ìdúró, ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ òkú. Fóònù ké nínú híjáàbù rẹ̀. Ó yí padà, ó jáde.

"Gbogbo wọn ló rí i," Hàjíyà wí. "Bá mi bi í léèrè, Kúbúrà. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Àwọn obìnrin tó rí i ti sọ fún àwọn tí kò rí i. Wọ́n ní bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí Falmata, ta ni àwọn?

Kúbúrátù délé, ó béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àgbékẹ́ ní òun mọ ìyá àgbà tó kú yẹn dáadáa, ìyá àgbà náà ló kọ́ òun ní Kanuri díẹ̀ tí òun gbọ́. Ó ní òun ti tẹ orúnkún kí òun jókòó, fóònù ké, òun sì rò ó pé bí òun bá jókòó, wọ́n á rí i ní ọ́fíìsì, wọ́n á ní ìyá ọ̀gá ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Látìgbà náà, ojú ń ti òun láti gba àdúgbò yẹn kọjá. Kúbúrátù sunkún, ó sunkún gan-an. Ó ní lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àìlà tí Hàjíyà máa ń gba àlejò, àwọn méjèèjì á jọ lọ.

Bíyìí ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé ná. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ti kọjá lórí ikú náà, ọjọ́ kan sí i kò lè bà á jẹ́. Kúbúrátù ní bí òun ṣe máa ń rò ó nìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó pe àwọn ará Àbújá pé kí wọ́n sún un sí Jímọ̀. Wọ́n ní bàálù kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, àti pé bí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ kò bá sí ní ọ́fíìsì ní aago méjì, àwọn á gbà pé kò fẹ́ owó àwọn mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí Bíyìí yọ òfin ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò nínú fóònù gbogbo. Owó náà kì í ṣe owó kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àìlà, wọ́n wọ ilé Hàjíyà Falmata. Wọ́n ti ká ẹní àwọn àlejò. Hàjíyà nìkan ló jókòó lórí ẹní nínú àgbàlá, ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ọnà sára fìlà. Àgbékẹ́ kò jókòó sórí ẹní. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Ó kí i kú ọ̀fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe yẹ kó ti kí i lọ́jọ́ kẹta. Hàjíyà ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ kò kúrò lára abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìdí tó fi jáde.

"Àìmọ̀kan ni," Àgbékẹ́ wí. "Ẹrù ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Dárí jì mí."

Kúbúrátù ń retí kí ìyá òun dárúkọ òun. Kò dárúkọ rẹ̀. Bí Kúbúrátù bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Fóònù ń mì nínú báàgì rẹ̀, Àbújá ni. Ó fi Hausa tó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ kankan má baà bọ́ sílẹ̀.

"Kì í ṣe ẹjọ́ ìyá mi, Hàjíyà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má jókòó. Mo ní wọ́n ń dójú tì mí."

Abẹ́rẹ́ dúró. Hàjíyà kò wo Kúbúrátù. Àgbékẹ́ ló ń wò.

"O jẹ́ kí ọmọ kékeré lé ọ jáde níbi ọ̀fọ̀ ìyá mi?"

"Ọmọ mi ni," Àgbékẹ́ wí.

Hàjíyà gbé fìlà sílẹ̀, ó sún lórí ẹní, ó di ọrùn ọwọ́ Àgbékẹ́ mú, ó sì fà á gòkè wá sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì sunkún ìyá àgbà náà. Bí wọ́n ṣe ń nu ojú ni wọ́n ń sọ bí ó ṣe máa ń yọ aṣọ kan lọ́wọ́ Àgbékẹ́ ní ìdajì owó, tí yóò tún gba èènì lé e. Wọ́n gbé omi jáde, ife méjì. Kò sẹ́ni tó sọ fún Kúbúrátù pé kó súnmọ́ àwọn. Ó jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì.